Ta Ló Kàn Láti Nu Ọkọ̀ Ìjọba?

Ọdún tí àwọn oníwàásù ní ayé máa parí, tí ayé wá kọ̀ tí kò parí, ni mo pa ọkọ̀ òkun kan rẹ́ ní Òmù-Èkìtì. Kì í ṣe ọkọ̀ kékeré o. Ọkọ̀ tí ìjọba òyìnbó kàn nígbà ogun àgbáyé kejì ni, tó gbé ọta, ìrẹsì, ẹran inú agolo àti bàtà sójà kọjá òkun láìmọye ìgbà. Àwọn ọ̀tá ju àdó olóró lù ú láti abẹ́ omi, kò rì. Ìjì jà á títí, kò rì. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pẹ̀lú eérú, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ègé sáńpépà tí mo jí ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, mo parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé kan kí ẹ̀kọ mi tó tutù. Ká ní àwọn ará Jámánì gbúròó mi lásìkò ogun ni, wọn ì bá má wulẹ̀ náwó lórí àdó olóró.

Ẹni tó bá mọ apá ọ̀dọ̀ wa á ti máa bèèrè ibi tí òkun ti wá. Kò sí òkun. Láti Òmù títí dé Ìkọ̀lé, ilẹ̀ iṣu, ẹ̀gẹ́ àti kòkó ni, omi tó sì tóbi jù tí mo mọ̀ nígbà náà ni èyí tó máa ń dá síwájú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà òjò, tí káńsù ti ń ṣèlérí láti dí láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Síbẹ̀, bàbá tó bí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Bàbá Sélọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe, òun sì gbà á bí ẹni gba oyè. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Òjó sá kúrò nídìí kòkó àwọn bàbá wọn, wọ́n gba Èkó lọ láti lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà. Wọn ò tíì rí ọ̀gá tí wọ́n fi gbọ́ pé òyìnbó kan ń wá àwọn tó mọ iná dá ní èbúté. Bàbá ní kí ló tún le nínú iná dídá, ṣebí inú ilé ìdáná ìyá òun lòun dàgbà sí. Ìgbà tí wọ́n mú wọn dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n tó rí i pé ààrò ibẹ̀ ga ju ilé baálẹ̀ lọ, èédú ló ń jẹ, kì í sì í yó. Bàbá padà wálé nígbà tí ogun parí. Òjó kò padà. Òjó yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá mi, ìyẹn Màmá, tí Bàbá dé tó sì fẹ́. Bàbá sọ fún gbogbo wọn pé Òjó ti kú sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní òkú dà, ìwé ìjọba dà, aṣọ rẹ̀ dà. Wọn ò sìnkú rẹ̀. Màmá gan-an ló kọ̀ jù.

Ilé wa wá dà bí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sáàárín oko ẹ̀gẹ́. Bàbá so irin táyà lọ́rí kan mọ́ igi ọsàn iwájú ilé, òun fúnra rẹ̀ ló ń lù ú, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, látàárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Bó bá ti dún, ẹnìkan ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ẹlòmíràn ti gòkè. Wọ́ọ̀ṣì ló ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìpín iṣẹ́ nínú ọkọ̀. Ó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì kọ̀ọ̀kan sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná nítorí kò mọ̀wé: igbá fún omi pípọn, ọwọ̀ fún ilẹ̀ gbígbá, ìwo fún ewúrẹ́. Èmi àti Táyọ̀, ọmọ àbúrò bàbá mi, là ń pín gbogbo rẹ̀ ṣe, nítorí àwọn òbí wa wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Adó, wọ́n sì ní àwọn fi wá sọ́dọ̀ àwọn àgbà kí á lè kọ́ ẹ̀kọ́ ilé. A kọ́ ọ. Òfin kan ló wà tí kò ṣeé ṣẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba wọ́ọ̀ṣì ẹlòmíràn ṣe. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ọ́, wàá tiro lọ sódò. Bí ibà bá mú ọ, iṣẹ́ á dúró dè ọ́ títí ara rẹ á fi yá. "Ta ló kàn?" ni ìbéèrè tí mo gbọ́ jù lọ ní ìgbà èwe mi, ju "Ṣé o ti jẹun?" lọ. Mo rò nígbà náà pé ìkà lásán ni. Títí dòní, bí ọkọ mi bá ní òun fẹ́ bá mi fọ abọ́ tó jẹ́ pé èmi ló kàn, àyà mi á kọ́kọ́ já.

Lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá máa ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà. Ó ní nígbà tí ọ̀tá ń ri ọkọ̀ òyìnbó bí ẹni ń já èso, ìjọba kò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́, wọ́n dá ibi ìkankọ̀ tiwọn sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù. Wọ́n á ṣe imú níhìn-ín, wọ́n á ṣe ìdí lọ́hùn-ún, wọ́n á fi iná jó o pọ̀, ó di ọkọ̀. Kò sí ọ̀ṣọ́ kankan. Ìjọba kò retí kó dalẹ́. Bó bá lọ lẹ́ẹ̀kan tó sì dé, èrè ti wọlé. Bàbá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni wọ́n fi ń kan ọ̀kan. Gbogbo ìgbà tó bá dé ibí yìí ni Màmá máa ń rẹ́rìn-ín, nítorí ìjọba tiwa ti ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan lẹ́yìn ọjà láti ìgbà tí bàbá mi wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ihò náà ṣì wà níbẹ̀, ewúrẹ́ méjì ti já sínú rẹ̀. Bàbá ní lẹ́yìn ogun, ọkọ̀ náà gbé iyọ̀, sìmẹ́ńtì àti ẹja pàǹla wá, ó sì ń kó kòkó lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n tà á, ẹni tó rà á tún un tà, wọ́n sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ fún irin. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ra ìkòkò irin tuntun wọ ilé wa, Bàbá á fi ìka kàn án, á tẹ́tí, á ní, "Ó lè jẹ́ òun." A ní ìkòkò mẹ́ta àti ọkọ́ kan tó lè jẹ́ òun. Màmá ní tòun ò ní gbé ẹnikẹ́ni lọ sógun, ọbẹ̀ lòun fẹ́ fi í sè.

Ẹnu Màmá mú. Bí Bàbá bá ti la ẹnu, á ní, "Sélọ̀ ti tún fẹ́ wọkọ̀. Ẹ gbé ìjókòó kúrò lọ́nà." Bí àlejò bá bèèrè Òjó, á ní, "Ó wà ní Gánà, ó ń jẹ kẹ́ńkẹ́. Ìyàwó mẹ́ta ló ní. Kò ráyè." Á sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, àwọn àlejò náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́ tí a bá gún iyán, á kọ́kọ́ bu òkèlè ńlá kan sínú abọ́ tánganran funfun tó ní ìlà búlúù létí, á bu ọbẹ̀ sí i, á dé e, á gbé e sórí pẹpẹ. Ti èrò ni. Mi ò rí èrò kankan rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú èmi àti Táyọ̀ ló ń jẹ ẹ́, a sì ní wọ́ọ̀ṣì tiwa fún un, èyí tí Bàbá kò yà sára ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n tí a kò fi ṣeré rárá. Mo rò pé àánú àwọn arìnrìn-àjò ló ń ṣe Màmá. Mo máa ń gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má rin ìrìn àjò dé ilé wa.

Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá mú bọ̀ láti inú ọkọ̀ náà ni pátákó idẹ kan, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, tí wọ́n fín orúkọ ọkọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí. Ó so ó mọ́ òpó pálọ̀. Nínú ọkọ̀, ó ní, gbogbo idẹ gbọ́dọ̀ máa dán, ogun ì báà wà nídìí ilẹ̀kùn. Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé, ẹni tó bá kàn á fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún títí á fi máa kọ mànà. Adé, bàbá mi, àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti nù ún kí ó tó kàn wá. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ọkùnrin kan ní láyé, ó gbé e lé àwọn ọmọdé lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa fi eérú fá a fún bí àádọ́ta ọdún. Nígbà tó fi máa kàn mí, àfi tí èèyàn bá gbé e dojú kọ oòrùn kó tó rí ojú lẹ́tà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ó ṣáà ń dán.

Oṣù kìíní, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí a ti gbà pé ayé kò ní parí mọ́ àti pé a gbọ́dọ̀ padà sí iléèwé, ni ṣọ́ọ̀ṣì wa kéde pé ní ọjọ́ ìsìn ìrántí àwọn tó kú sógun, àwọn yóò ka orúkọ gbogbo ọmọ ìlú tó bógun lọ. Ẹni tó ń kó orúkọ jọ ni Tísà Àgbà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ṣùgbọ́n tí ìyẹn ò ní kó má máa máàkì àwọn èèyàn. Bàbá lọ bá a. Kì í ṣe orúkọ ara rẹ̀ ló ní kó kọ. Ó ní, "Kọ Òjó." Tísà ní Òjó kì í ṣe sójà. Bàbá ní àdó olóró kò bèèrè bẹ́ẹ̀. Tísà ní ó dáa, àwọn ìgbìmọ̀ ìsìn náà á wá sílé, kí Bàbá ṣáà fi nǹkan kan hàn wọ́n tí wọ́n á fi mọ̀ pé ọkọ̀ kan tiẹ̀ wà. Bàbá padà wálé, ó jókòó síwájú pátákó náà. Ó ní fún èmi àti Táyọ̀ pé, "Kò sẹ́ni tó sìnkú rẹ̀. Bí wọ́n bá ka orúkọ rẹ̀ nínú ulé Ọlọ́run, ó ti tó. Ní Sátidé, kó dán gan-an."

Táyọ̀ ló kàn. Ṣùgbọ́n Táyọ̀ ti jẹ kaṣú tí kò pọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, ó ká mọ́lẹ̀ lórí ẹní, ó ń ké. Èmi, tí mo fẹ́ràn Bàbá tí mo sì fẹ́ kí ìgbìmọ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ wa, mo ní kó sùn, kí n bá a ṣe é. Mo rò pé eérú nìkan kò tó fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, mo mú sáńpépà. Mo fá a, mo fọsàn sí i, mo tún fá a. Ọlọ́run ló mọ̀ pé inú mi dùn. Nígbà tí mo ṣe tán, kò sí ibi tí kò ti dán, kò sì sí lẹ́tà kan níbẹ̀ mọ́.

Tísà Àgbà dé pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn. Màmá ń bẹ ẹ̀gẹ́ níwájú ilé ìdáná, ó kí wọn láì dìde. Bàbá gbé pátákó náà wá nínú aṣọ, ó nà án sí Tísà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Tísà fi awò rẹ̀ sójú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé e dojú kọ oòrùn.

"Bàbá Sélọ̀," ó ní, "jígí lèyí. Irùngbọ̀n mi ni mò ń rí."

Àwọn méjì tó kù rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé Gánà ni Òjó wà lóòótọ́, tó ń jẹ kẹ́ńkẹ́."

Mo wo Màmá, mo rò pé á bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n sọ. Màmá ti dá ọ̀bẹ dúró. Ojú tó fi wo ọkùnrin náà, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wò mí láé.

Bàbá gba pátákó náà. Ó fi àtàǹpàkò wá ojú rẹ̀ kiri, bí afọ́jú. Mo ti ń retí ìfọ́tí.

"Ta ló kàn lónìí?" ó bèèrè.

"Táyọ̀ ni, Bàbá."

"Ta ló nù ún?"

"Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, inú ló ń run Táyọ̀. Mo ní kó sùn, kí n bá a ṣe é."

Bàbá jókòó sórí àpótí. Tísà yọ awò rẹ̀.

"Inú ń run èmi náà lọ́jọ́ náà," ó ní. "Èmi ló kàn. Ẹ̀wà inú agolo kan ló da inú mi rú. Òjó ní, 'Sùn, jẹ́ n bá ọ ṣe é. Lọ́la ìwọ náà á bá mi ṣe tèmi.' Kò tíì pẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sídìí uná tí a fi gbọ́ ìró. Omi wọlé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn irin ibẹ̀ pa kó má bàa kún gbogbo ọkọ̀. Ilẹ̀kùn yẹn ló gbà wá là. Òjó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ara ilẹ̀kùn yẹn ni mo ti yọ pátákó yìí."

Láti ìgbà tí Bàbá ti ń sọ̀tàn ọkọ̀, imú rẹ̀, ìdí rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀, ẹja pàǹla rẹ̀, kò sọ èyí rí.

Màmá ní, "Látìgbà yí wá. Inú ulé kan náà."

Bàbá ní, "Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo dé, Ìyá Adé. Mo bá ọ nídìí ọlọ. O bi mí pé ìgbà wo ló ń bọ̀."

Tísà Àgbà ní àwọn kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni ẹ̀rí, ìgbìmọ̀ á tún jókòó lé e lórí. Wọ́n lọ. Mo gbọ́ pé wọ́n jókòó lóòótọ́, wọ́n mu mínírà, wọ́n sì tú ká.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Màmá kò fi Bàbá ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀rù bà wá ju bí wọ́n ṣe fi òpin ayé dẹ́rù bà wá lọ. Ó ń se oúnjẹ, ó ń gbé e fún un, ó ń kúnlẹ̀ pàápàá, ìyẹn tí a kò rí rí. Ó ń gbé abọ́ èrò sórí pẹpẹ bó ṣe máa ń ṣe. Bàbá kò lu irin ìdí igi ọsàn mọ́, a kò mọ àsìkò omi yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́. Mo sunkún lábẹ́ aṣọ nítorí mo gbà pé èmi ni mo tú ilé náà ká. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ohun tí Màmá ń rò kọjá èmi àti sáńpépà. Bí irọ́ ni Bàbá ń pa látọjọ́ yìí, ì bá ti fi ara rẹ̀ ṣe akọni. Èyí tó sọ yìí, kò sí ọkùnrin tó máa jókòó hùmọ̀ rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, àfi tó bá jẹ́ òótọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ìsìn ìrántí bọ́ sí, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ onífèrè ìjọ wa fọn fèrè, ó já, wọ́n tún un fọn. Tísà Àgbà dìde pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó ka àwọn tó lọ sí Bọ́mà, ó ka àwọn tó lọ sógun abẹ́lé, ó ka ọkùnrin kan tí gbogbo ìlú mọ̀ pé àtẹ̀gùn bárékè ló ti yọ̀ ṣubú lẹ́yìn ọtí, lásìkò àlàáfíà. Ìwé ẹ̀rí ti ọkùnrin yẹn pé. Tísà ká ìwé rẹ̀, ó fẹ́ jókòó.

Màmá dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Tísà, ó ku ẹnìkan."

"Màmá, kò sí nínú ìwé."

"Mo mọ̀ pé kò sí nínú ìwé. Òjó ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ìyá mi ni. Ọkọ̀ ìjọba ló kú sí, nídìí uná, níbi tó ti ń ṣe uṣẹ́ oníṣẹ́. Èmi ni mo ní ó wà ní Gánà. Irọ́ ni mo ń pa. Ó ti kú."

Bàbá bú sẹ́kún lápá àwọn ọkùnrin, ẹkún gidi tó ń mì èjìká. Tísà Àgbà, tó kọ́ ìdajì ìjọ náà ní ìwé kíkọ, kò mọ ibi tí bírò rẹ̀ wà mọ́. Nígbà tó rí i, ó kọ ọ́, ó sì kà á sókè: "Òjó, ọmọ Òmù. Adáná ọkọ̀." Gbogbo ìjọ dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n dìde. Mo ti wá ọkọ̀ náà lórí ẹ̀rọ ayélujára láti ìgbà náà. Àwọn òyìnbó kọ ohun gbogbo nípa irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀: bí wọ́n ṣe gùn tó, iye ẹrù tí wọ́n ń gbé, ẹni tó rà wọ́n àti ibi tí wọ́n ti gé wọn. Àwọn tó dáná fún wọn kò sí níbẹ̀. Bóyá wọ́n rò pé iná náà ń dá ara rẹ̀ ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá lu irin ìdí igi ọsàn. Màmá gún iyán. Ó bu ti Bàbá, ó ní, "Sélọ̀, ẹ sún ọkọ̀ yín síwájú díẹ̀, mo fẹ́ gbé oúnjẹ kalẹ̀," Bàbá sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bu tèmi àti ti Táyọ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ abọ́ tánganran funfun náà kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún yíká, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì dá a padà sókè lófìfo.

Táyọ̀ bèèrè pé, "Màmá, ti èrò ńkọ́?"

Màmá ní, "Èrò ti dé ulé."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ló kàn láti jẹ iyán èrò. Ebi ni mo gbé lọ sí iléèwé.